Igún Mélòó Ló Kù? Bí Àkọsílẹ̀ Láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó Ṣe Lè Dé Ọwọ́ Gbogbo Ayé

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ìgbà wo lẹ rí igún gbẹ̀yìn? Mi ò sọ pé lórí fóònù o. Mo ní igún gidi, lórí igi tàbí lórí páànù níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, ọ̀pọ̀ wọn á sọ fún yín pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, igún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá kiri. Ó dáa. Àmọ́ bí ẹ bá tún bi wọ́n pé igún mélòó, lọ́dún wo, níbo gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń dúró sí. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí a kò bá sì kọ sílẹ̀, tí a kò fi ránṣẹ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè kà á, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ló rí lójú àwọn tó ń ṣe ìpinnu lórí ẹranko àti igbó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń kó ìsọfúnni nípa onírúurú ohun abẹ̀mí jọ, bí wọ́n ṣe ń pín in láàrin ara wọn, àti ibi tí apá àríwá Èkìtì tiwa yìí wà nínú rẹ̀.

Igún ò ní páásípọ́ọ̀tù

Orúkọ tí sáyẹ́ǹsì ń pe igún tí a sábà máa ń rí nílẹ̀ wa ni Necrosyrtes monachus. Ó wà láti Senegal títí dé Ethiopia, ó sì tún wà ní apá gúúsù Áfíríkà. Bí ẹ kò bá rí i mọ́ ní Ìkọ̀lé, ó lè jẹ́ pé ó ti kú, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn ṣí lọ síbòmíràn tí oúnjẹ ti pọ̀. Ẹni tó jókòó sí Ìkọ̀lé nìkan kò lè mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó jókòó sí Kútọnu nìkan náà kò lè mọ̀ ọ́n. Àfi kí wọ́n jọ fi ìwé wé ìwé.

Ohun tí àwọn kan ṣe nìyẹn. Lọ́dún 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣe ìwé àkójọ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu, gbé igún yìí sí ìsọ̀rí tó kángun sí píparẹ́ pátápátá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì kó iye igún tí wọ́n ti kà láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà pọ̀, ìṣirò wọn fi hàn pé iye wọn ti fi ohun tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù láàrin nǹkan bí ọdún 50. Májèlé wà lára ohun tó fà á, títa orí àti ara wọn fún oògùn náà sì wà lára rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó lè dá ìṣirò yẹn ṣe. Ẹni tó ka igún lójú ọ̀nà ní Burkina Faso ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tó kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì fi ìwé náà pa mọ́ dáadáa, ó ti ran igún Èkìtì lọ́wọ́ láì mọ̀.

Ọjà kan, ìsọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀

Ní ọdún 1992, ní Rio de Janeiro, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí onírúurú ohun abẹ̀mí. Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1994. Abala kẹtàdínlógún nínú àdéhùn náà sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ṣe pàṣípààrọ̀ ìsọfúnni, kí wọ́n sì ro ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn o, àmọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kì í kó dátà jọ. Ní ọdún 2001 ni wọ́n wá dá GBIF sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Copenhagen, ní Denmark.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé GBIF jẹ́ ilé ńlá kan tí wọ́n kó ẹyẹ gbígbẹ àti ewé sí. Rárá o. Ẹ fojú inú wo ọjà. Olúkúlùkù ló ni ìsọ̀ tirẹ̀, ọjà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí GBIF ṣe ni pé ó gbé pátákó ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí gbogbo èèyàn ti lè rí ohun tó wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsan owó. Ìlà kọ̀ọ̀kan lórí pátákó yẹn ń sọ pé: ohun abẹ̀mí báyìí, níbi báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti ju bílíọ̀nù 2 lọ báyìí. Ẹyẹ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé ẹyẹ làwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa wò. Kòkòrò tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì kò rí ẹni wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Benin tètè wọlé síbẹ̀. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti wà nínú GBIF, Yunifásítì Abomey-Calavi ni wọ́n sì ti ń darí iṣẹ́ náà. Dátà láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Nàìjíríà náà wà níbẹ̀ o, kò tó ni. Ẹ lè ṣí àwòrán ilẹ̀ orí GBIF fúnra yín. Ẹ máa rí i pé àwọn àmì tó wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń rọ̀gbà yí yunifásítì, ọgbà ìdáàbòbò ẹranko àti ojú títì ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ẹyẹ àti igi fẹ́ràn láti máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibi tí èèyàn lè gbé mọ́tò dé ni wọ́n wò, ibi tó ṣófo sì lè jẹ́ ibi tí ẹnì kankan kò tíì dé.

Ìdí tí èyí fi kàn wá ni pé apá àríwá Èkìtì, láti Ìdó lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé títí dé ọ̀nà Òmùò, wà ní agbègbè tí igbó kìjikìji ti ń pàdé ọ̀dàn. Ní irú ibi báyìí, ohun abẹ̀mí inú igbó àti ti inú ọ̀dàn lè pàdé nínú oko kan ṣoṣo. Irú ibi báyìí náà ni ìyípadà ti máa ń kọ́kọ́ hàn, bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà tí oko sì ń jẹ igbó. Tí a kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, kí la máa fi wé ohun tó bá kù ní ọdún 2050?

Ìdó wo lẹ ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́ náà gan-an, torí ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Kí àkọsílẹ̀ kan tó wúlò fún ẹni tó wà ní Copenhagen tàbí ní Nairobi, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ rí, ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti ẹni tó rí i. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé jọ ń lò láti to àwọn nǹkan yìí sínú fáìlì, Darwin Core ni wọ́n ń pè é. Ó dà bíi fọ́ọ̀mù tí gbogbo bánkì gbà láti jọ máa lò. Ó rọrùn láti kà lórí bébà. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ wò.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí mo bá kọ "àdàbà" sílẹ̀, àdàbà wo? Ó kéré tán, Spilopelia senegalensis wà, Streptopelia semitorquata náà wà, àdàbà la ń pe àwọn méjèèjì. Lọ́wọ́ kejì, ẹnì kan á kọ igún, ẹlòmíràn á kọ gúnnugún, ẹyẹ kan náà ni. Ìdí tí wọ́n fi ń lo orúkọ Látìn nìyẹn. Àmọ́ ẹ má rò pé Látìn kì í yí padà o! Àwọn ìwé igi àtijọ́ ní Nàìjíríà ń pe ìrókò ní Chlorophora excelsa. Milicia excelsa ló ń jẹ́ báyìí. Igi òrí tí ìwé àtijọ́ pè ní Butyrospermum parkii ti di Vitellaria paradoxa. Bí ẹ bá lọ wá orúkọ tuntun nìkan láìsí ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, ẹ máa rò pé ìrókò ò sí ní Nàìjíríà kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. GBIF ní àkójọ orúkọ kan tó ń so àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì lè parí láéláé.

Ibi tí a ti rí i ló tẹ̀ lé e. Ẹ ro ìwé pélébé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé gbígbẹ tí wọ́n kàn kọ "Ido" sí. Ìdó wo? Ìdó-Èkìtì, Ìdó ní Ìbàdàn, Ìdó-Ọ̀ṣun, Ìdó-Àní, àbí Ìdó ní Èkó? Ẹni tó ń tẹ ìwé láìfi àmì sí i náà lè kọ Oye kó di Oyo, a sì ti fi ewé kan ṣọfẹ̀ẹ́ láti Èkìtì lọ sí Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Òǹdó. Ṣáájú 1976, kò tilẹ̀ sí Ìpínlẹ̀ Òǹdó gan-an. Láyé òyìnbó, abẹ́ Ondo Province ni Èkìtì wà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá já ewé ní Ìkọ̀lé lọ́dún 1948, "Ondo" ló máa wà lórí ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "Ekiti State" sínú kọ̀ǹpútà láti wá a, kò ní jáde.

GPS ló ń yanjú èyí. Ìkọ̀lé wà ní nǹkan bí 7.8 sí àríwá àti 5.5 sí ìlà-oòrùn. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ bá ṣì, tí èèyàn kọ 5.5 síwájú 7.8: ẹyẹ yín ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ábíà. Bí ẹ bá sì fi àyè méjèèjì sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi òdo sí i, àárín òkun ló máa bọ́ sí, ní gúúsù Ghana. Ọ̀pọ̀ ẹranko ilẹ̀ ló ti "wẹ̀" níbẹ̀ nínú dátà ayé. Ọjọ́ ńkọ́? 03/04/2019 ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún èmi. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni fún ará Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa kọ ọ́ báyìí: 2019-04-03, ọdún, oṣù, ọjọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní irú èyí ti pọ̀ jù. Àmọ́ àìkọ ọ́ dáadáa ló ń sọ iṣẹ́ odidi ọdún kan di ohun tí ẹnì kankan kò lè lò.

Ewé wa ní London

Àwọn kan ti kọ nǹkan sílẹ̀ tipẹ́ nípa ewé ilẹ̀ wa. Ibi tí ìwé náà wà ni ìṣòro. Ní Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tí wọ́n ń pè ní FRIN, Forest Herbarium Ibadan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà pa mọ́ sí. Ewé tó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ. FHI ni àmì tí gbogbo onímọ̀ ewé láyé fi mọ̀ ọ́n. Ní Kew, ní London, tiwọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 7, ewé láti Nàìjíríà sì wà lára rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kó láyé ìjọba òyìnbó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fojú rí ewé tí wọ́n já lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ lè ní láti wá físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa?

Ní báyìí, wọ́n ń ya àwòrán àwọn ewé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, ohun tó tọ́ sí wa ni, a ò ní láti máa dúpẹ́ àdúpẹ́jù lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ó wúlò, nítorí pé ewé tó wà ní London láti ọdún 1940 lè sọ fún wa pé igi báyìí ti hù ní Èkìtì rí.

Wákàtí méjì nínú àpótí kan

Iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó lè dá sí. Nigerian Bird Atlas Project ni wọ́n ń pè é, ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀. APLORI, ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tó wà ní Jos, ló wà nídìí rẹ̀, àwọn àti Yunifásítì Cape Town ní South Africa sì jọ ń ṣe é. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní South Africa láti ọdún 2007 náà ni, Kenya náà ń lò ó. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹyẹ Nàìjíríà wé ti Kenya.

Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kò sí nínú àpótí kan náà, torí náà iṣẹ́ wà fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi àpótí yìí pín Nàìjíríà tó fẹ̀ tó 923,768 kìlómítà níbùú lóròó, ó máa ju 10,000 lọ. Ẹ rí i pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ò lè rìn ín tán.

Ẹ ó wọ inú àpótí kan, ẹ ó lo ó kéré tán wákàtí méjì, ẹ ó gbìyànjú láti dé oríṣiríṣi ibi tó wà nínú rẹ̀: oko, odò, igbó, àárín ìlú. Gbogbo irú ẹyẹ tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí i tẹ̀ léra. Ẹ lè máa fi tuntun kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Áàpù kan wà fún un tó ń jẹ́ BirdLasser, fóònù yín á sì fi GPS sí i fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ gbogbo ẹyẹ? Tó bá jẹ́ kìkì ẹyẹ tó wù yín lẹ kọ, a ò ní mọ̀ bóyá ẹ kò rí lékelèke ni àbí ẹ kàn kà á sí ẹyẹ lásán. Àmọ́ tí ẹ bá kọ gbogbo rẹ̀, àìsí igún nínú ìwé yín di ìsọfúnni pẹ̀lú. Ká sọ pé èèyàn mẹ́wàá ṣe irú ìwé yìí nínú àpótí Ọ̀yẹ́, tí igún sì wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ tún ṣe é, ó di òdo. Irú nọ́ńbà báyìí lẹ lè gbé síwájú ìjọba. "Igún ti dín kù" lásán, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín ni.

Ṣé wọn ò ní jí i?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù, kì í sì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹ wo ewé eéran tí a fi ń wé iyán, Thaumatococcus daniellii. Inú èso rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun kan tó dùn ju ṣúgà lọ fíìfíì, thaumatin. Wọ́n ń fi í sí oúnjẹ ní Yúróòpù, E957 ni nọ́ńbà rẹ̀ lára páálí. Àwọn ìyá wa tó ń wé iyán, èló ló kàn wọ́n?

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ṣe ṣe àdéhùn Nagoya lọ́dún 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Ó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ohun abẹ̀mí orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kó sì pín èrè. Èrò tèmi ni pé ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Pé igi kan wà níbi báyìí lọ́jọ́ báyìí, ẹ jẹ́ ká pín in. Pé bàbá báyìí ń fi èèpo rẹ̀ wo àìsàn báyìí, ti bàbá yẹn nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí.

Nǹkan míì wà tí kò yẹ ká pín bó ṣe wà: ibi tí ẹyẹ tí wọ́n ń ṣọdẹ rẹ̀ fún títà tẹ́ ìtẹ́ sí. Lórí iNaturalist, tí ẹ lè gbé fọ́tò ewé tàbí kòkòrò sí, ohun abẹ̀mí tó bá wà nínú ewu, wọ́n máa ń bo ojú ibẹ̀. Wọ́n á fi àmì síbikíbi nínú àyè kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 22, ìyẹn bíi láti Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́. Ọdẹ ò lè fi ìyẹn rí ìtẹ́. Onímọ̀ ṣì lè mọ̀ pé ó wà ní Èkìtì.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí iṣẹ́ àwọn: gbogbo ẹni tó bá gbé dátà láti GBIF ń gba nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ DOI, nọ́ńbà yẹn ló yẹ kó kọ sínú ìwé rẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè tọpa rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni dátà. Ẹ lè mú láìsẹ́ǹsì tó ní kí wọ́n dárúkọ yín, tàbí èyí tó ní kí wọ́n má fi ṣòwò. Ohun tó ń jí iṣẹ́ wa gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka igi, kòkòrò àti ẹja fún pírójẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á dì í, wọ́n á fi síbẹ̀, ikán á jẹ ẹ́. GBIF kì í gba dátà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tààrà, yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi olùkọ́ yín léèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín ti forúkọ sílẹ̀. Tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, iNaturalist ṣì wà: bí fọ́tò, ọjọ́ àti ibi bá pé, tí ó kéré tán èèyàn méjì sì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ rẹ̀, tí láìsẹ́ǹsì yín bá gbà á, ó ń dé GBIF.

Àwọn tó wà nítòsí odò tí wọ́n sé ní Ìtapájì, ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹyẹ omi rọrùn láti rí ju ti inú igbó lọ. Ẹ jáde ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi mímu dání, kí ẹ sì tan GPS fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé.